Owó àbúrò mi agbábọ́ọ̀lù ń bá tẹ́tẹ́ lọ: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní England. Ó ní £10,000 ni wọ́n ń san fún òun lọ́sẹ̀. Èmi ni mò ń bá a bójú tó ilé tó ń kọ́ sí Ìbàdàn, ọwọ́ mi náà ló ń fi owó ránṣẹ́ sí. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí n yọ mílíọ̀nù mẹ́rin náírà nínú owó símẹ́ǹtì, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun kan tó máa bá òun fi ta bẹ́ẹ̀tì. Mo bá a wí. Ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní Michael Jordan, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ta tẹ́tẹ́ títí, síbẹ̀ kò sí eléré ìdárayá tó lówó tó o. Ṣé òótọ́ ló sọ? Báwo la ṣe máa tọ́jú owó ọmọ yìí kó tó tán?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn, ẹ sì kú ìtọ́jú àbúrò. Kí n tó fẹnu kan Jordan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó símẹ́ǹtì yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ni kò ṣe é fi dọ̀la. Ẹ má fi ránṣẹ́. Bó bá sì ti lọ, ẹ pe ọ̀rẹ́ yẹn lónìí kó dá a padà, bó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe bí owó náà ṣe tó ló ń bà mí lẹ́rù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, ti fòfin dè é pé àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá wọn kò gbọdọ̀ ta bẹ́ẹ̀tì lórí bọ́ọ̀lù níbikíbi láyé, ìbáà ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Shooting Stars ní Ìbàdàn níbẹ̀. Òfin náà kò sì mọ síbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíì kó bá òun ta á, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó gbọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ta bẹ́ẹ̀tì. Àbúrò yín rò pé bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ ní Nàìjíríà, ojú FA kò lè tó o. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ wà lórí WhatsApp, owó tó kọjá wà nínú àkọsílẹ̀ báńkì, orúkọ yín náà á sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi owó ránṣẹ́.

Ivan Toney, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brentford nígbà náà, jẹ́wọ́ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní ọ̀nà 232. Ní oṣù karùn-ún 2023 wọ́n dá a dúró fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì bu £50,000 lé e. Ọmọ yẹn wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní Premier League lọ́dún náà, nítorí náà ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró dè é. Ẹni tí kò tíì dé ibi tó dé, ta ló máa dúró dè é fún oṣù mẹ́jọ?

Ó wá ku Jordan.

Àbúrò yín kò parọ́. Jordan ta tẹ́tẹ́ gan-an ni. Ní 1992 ó dúró níwájú ilé ẹjọ́, ó sì jẹ́wọ́ lábẹ́ ìbúra pé ìwé sọ̀wédowó $57,000 tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀, owó tí òun fi jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ ni. Ní oṣù karùn-ún 1993, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá pẹ̀lú New York Knicks ku ọ̀la, ilé tẹ́tẹ́ ní Atlantic City ni wọ́n ti rí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí Richard Esquinas, tí wọ́n jọ máa ń fi gọ́ọ̀fù ta tẹ́tẹ́, kéde pé Jordan jẹ òun ní $1.25 mílíọ̀nù. Jordan gbà pé òun pàdánù, kò gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi àbúrò yín ní ìbéèrè kan: níbo ni owó Jordan ti wá? Gbogbo owó tí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n ti Amẹ́ríkà, san fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju nǹkan bí $94 mílíọ̀nù lọ. Bàtà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Nike ni, àti ẹgbẹ́ Charlotte tó ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 2010, tó sì tà á ní 2023 nígbà tí wọ́n ti ń díye lé ẹgbẹ́ náà ní $3 bílíọ̀nù. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i lẹ́yìn tó fi pápá sílẹ̀ ju ìgbà tó wà lórí rẹ̀ lọ. Èyí tó bá pàdánù lónìí, àwọn tó ń ra bàtà kárí ayé á ti san án padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbúrò yín ò ní bàtà. Owó ọ̀sẹ̀ ló ní, ogún ọmọdé kì í sì í ṣeré gba ogún ọdún. Bó bá gbó, ọdún 34 ló máa dé. Orúnkún lè ní kó dúró ní 27.

Ẹni tí mo fẹ́ kó fi ara rẹ̀ wé ni John Daly, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ní 2005, òun àti Tiger Woods fà á títí wọ́n fi wọ ihò àfikún ní San Francisco, Woods ló sì mú un. $750,000 ni wọ́n kà fún Daly tó ṣe ipò kejì. Dípò kó gba ilé lọ, ó wakọ̀ lọ sí Las Vegas, ó jókòó ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó jẹ́ pé $5,000 ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín wákàtí márùn-ún, $1.65 mílíọ̀nù ti wọlẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìlọ́po méjì owó tó ṣiṣẹ́ fún lọ́sẹ̀ yẹn ló lọ, àní ó lé. Nígbà tó wá jókòó ṣírò ohun tí tẹ́tẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1991 sí 2007, ó ní nǹkan bí $55 mílíọ̀nù ni.

Ẹnì kan á ní olówó kúkú ni Daly. Keith Gillespie kì í ṣe olówó nígbà tí tirẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ Northern Ireland ni, Newcastle ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní 1995, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí £600. Ó ń fi fóònù ta tẹ́tẹ́ ẹṣin. Lọ́jọ́ kan, £47,000 lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún pè, kó lè lé e padà, £15,000 sì tẹ̀ lé e. £62,000 láàárín ọjọ́ méjì, lọ́wọ́ ẹni tó ń gba £600 lọ́sẹ̀! Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 103 nìyẹn. Ní 2010, òfin kéde pé ó ti wọko gbèsè. Nígbà tó fi máa ṣírò rẹ̀, owó tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láyé ti lé ní £7 mílíọ̀nù, tẹ́tẹ́ sì wà lára ohun tó gbà á.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú àwọn méjèèjì kò jọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Wọ́n á ní wọn ò gbọ́n. Mi ò gbà. Owó púpọ̀ kò gba Daly, owó kékeré kò sì dá Gillespie dúró. Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra ni pé ní aago méjì òru, nígbà tí inú ń bí wọn sí owó tó ti lọ, kò sí ohunkóhun láàárín ọwọ́ wọn àti owó tó kù. Kódà kò sí nǹkan kan láàárín ọwọ́ wọn àti owó tí wọn ò tíì rí gbà.

Àwọn ilé tẹ́tẹ́ mọ èyí dáadáa. Wọn kì í dúró kí owó àpò olówó tán, wọ́n ń yá a. Ní Las Vegas, ìwé pélébé kan ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ kó fọwọ́ sí, marker ni wọ́n ń pè é. Lójú òfin ìpínlẹ̀ Nevada, ìwé sọ̀wédowó ni ìwé náà. Bí wọ́n bá gbé e dé báńkì tí kò sí owó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gbèsè lásán, ó ti di ọ̀ràn. Charles Barkley, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n tó ti sọ ní 2006 pé tẹ́tẹ́ ti gba nǹkan bí $10 mílíọ̀nù lọ́wọ́ òun, ilé tẹ́tẹ́ Wynn gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 2008 nítorí $400,000 irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì yára san án. Ìtọ́jú tún wà o: yàrá ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹnì kan tó máa ń pe olówó lórúkọ tó sì ń bèèrè ọmọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ yẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tó ra lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò £10,000 àbúrò yín. Lọ́dún, £520,000 ni. Ohun tó bá ti lé ní £125,140, péńì 45 nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mú. Bí mo bá yọ owó orí àti National Insurance kúrò, nǹkan bí £5,500 ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí ó bá ń fi ẹnu sọ £10,000, tó sì ń ná an bẹ́ẹ̀, owó tí kò fojú rí rí ló ń ná. Nínú £5,500 yẹn ni owó ilé tó ń gbé ti máa jáde, àti ti mọ́tò, àti ilé Ìbàdàn, àti gbogbo àwa ẹbí tí a máa ń pè é lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kan ṣoṣo: ohun tó wọlé gan-an, ohun tó jáde gan-an. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù kò rí ìwé yẹn rí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ó tún lè sọ pé ohun kékeré ni òun ń fi ṣeré. Ẹ wo bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń jẹun. Nínú róléètì ti Yúróòpù, àgbá tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń yí, ihò 37 ló wà, èrè ilé sì jẹ́ £2.70 nínú £100 tí èèyàn bá gbé sílẹ̀. Ó jọ owó ọmọdé. Ṣùgbọ́n orí gbogbo owó tó bá yí ni wọ́n ti ń mú un, kì í ṣe orí èyí tó gbé wọlé. Ẹni tó mú £1,000 dání, tó ń gbé £50 sílẹ̀ nígbà 200 kí ilẹ̀ tó mọ́, £10,000 ló ti yí, £270 sì ni ilé tẹ́tẹ́ ń retí lára rẹ̀, ìbáà máa jẹ ní àárín-àárín. Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá jọ sínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù, burú ju ìyẹn lọ fíìfíì, torí èrè ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀tì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ó sì ń gorí ara wọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rò pé mímọ̀ tí àwọn mọ bọ́ọ̀lù á gba àwọn. Ẹni tó ń gbé iye lé tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ, kò sì ní orúnkún tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gbilẹ̀, pé 78 nínú 100 àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà ní líìgì NFL ló ń di òtòṣì ní ọdún méjì lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba àbúrò yín. Wọ́n kó ẹni tó wọko gbèsè àti ẹni tí owó kàn ń fún lọ́rùn pọ̀ síbẹ̀. Ìwádìí tó múná jù ú lọ, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbé jáde ní 2015, tẹ̀ lé àwọn tí NFL gbà wọlé láàárín 1996 sí 2003. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí 16 nínú 100 ló ti lọ kéde ní ilé ẹjọ́ pé apá àwọn ò ká gbèsè mọ́ kí ọdún 12 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n fi eré sílẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ẹni tó gba owó jù, tó sì pẹ́ lórí pápá jù, kò sàn ju ẹni tó gba kékeré lọ.

Ìdí rèé tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ gbé gbogbo ojú sórí tẹ́tẹ́. Antoine Walker, tó bá Miami Heat gba ife NBA ní 2006, gba ohun tó lé ní $108 mílíọ̀nù lẹ́nu bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ní 2010 ó gba ilé ẹjọ́ lọ: dúkìá rẹ̀ $4.3 mílíọ̀nù, gbèsè rẹ̀ $12.7 mílíọ̀nù. Tẹ́tẹ́ wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́pàá ti mú un ní 2009 nítorí ìwé ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas tó lé ní $800,000 tí kò sí owó lẹ́yìn wọn. Àmọ́ ohun tó gbé e ṣubú gan-an ni ilé. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń ra ilé ní Chicago, báńkì ń yá ilé iṣẹ́ náà lówó, òun fúnra rẹ̀ sì ń fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Nígbà tí ọjà ilé wó ní 2008, àwọn báńkì fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọrùn onídùúró ni wọ́n dì mú. Walker ti ń lọ kọ́ àwọn eléré kékeré ní ẹ̀kọ́ nípa owó báyìí, iṣẹ́ tó sì yẹ ẹ́ ni.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Èkó tiwa, Hakeem Ọlájuwọ́n. Houston Rockets ló mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1984, ó gba ife fún wọn ní 1994 àti 1995, owó tí wọ́n san fún un látòkè délẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Walker. Òun náà ra ilé àti ilẹ̀, ní Houston níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, kì í san èlé, nítorí náà kì í yá owó báńkì ra ilẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń rà á. Ní 2006, ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé èrè tó ti jẹ lórí ilẹ̀ ti lé ní $100 mílíọ̀nù. Mi ò ní kí gbogbo èèyàn sá fún báńkì. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe, nínú ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ìbúwọ́lùwé kan ló yà wọ́n. Ẹni tí kò jẹ báńkì ní kọ́bọ̀, kò sí báńkì tó máa pè é lóru ọjọ́ tí ọjà bá wó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá fún àbúrò yín pé kó dúró fún òun, ì báà jẹ́ aṣojú rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, “rárá” ni.

Ní ti bí a ó ṣe tò ó, kò le, àyàfi pé ó máa ń dun ọmọkùnrin tó rò pé òun ti dàgbà. Kí gbogbo owó iṣẹ́ máa wọ àkáǹtì kan tí kò ní káàdì, tí kò sí lórí fóònù rẹ̀. Kí báńkì máa yọ iye kan láti ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sínú àkáǹtì kejì tó ní káàdì: ìyẹn ni tirẹ̀, kó fi ṣe ohun tó wù ú láìsí pé ẹnì kan ń bi í. Owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kó kọ́kọ́ jáde. Èyí tó kù, kí ẹ fi sí ibi tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí báńkì kó tó lè rí i gbà lẹ́yìn oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Oṣù kan yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ní. Ìbínú tẹ́tẹ́ kì í pẹ́ tó oṣù kan.

Ọ̀pọ̀ báńkì ní Britain ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dí tẹ́tẹ́ lórí káàdì, tí yóò sì gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣí padà bó bá yí ọkàn padà. GAMSTOP tún wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ ní Britain mọ́ èèyàn fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi yé: kò kan àwọn áàpù bẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà. Ihò tí àbúrò yín ń gbà nìyẹn, ẹ̀yin ló sì fẹ́ kí ẹ bá òun ṣí i. Ìyẹn ni pé bó ṣe ń tilẹ̀kùn ti ọ̀hún, ẹ̀yin náà ní láti ti tibí.

Èyí ló gbé mi dé ibi tó le jù láti sọ, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀yin?

Shohei Ohtani, ọmọ Japan tó ń gbá baseball ní Amẹ́ríkà, kì í ta tẹ́tẹ́. Ippei Mizuhara, ògbufọ̀ rẹ̀, ló ń ta á. Ní 2018 ó bá Ohtani dé báńkì ní Arizona láti ṣí àkáǹtì tí owó iṣẹ́ ń wọ̀. Nígbà tí tẹ́tẹ́ wọ̀ ọ́ lára, ó yí nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì orí àkáǹtì náà sí tirẹ̀. Ó ń pe báńkì, ó ń ní òun ni Ohtani. Bí aṣojú tàbí olùṣirò owó bá ní àwọn fẹ́ wo àkáǹtì yẹn, á ní ọ̀gá òun ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Kò sí ẹni tó bi Ohtani fúnra rẹ̀, torí Mizuhara náà ni wọ́n máa gbà bi í. Nǹkan bí $17 mílíọ̀nù ló jí. Láàárín oṣù kejìlá 2021 sí oṣù kìíní 2024, ó ta bẹ́ẹ̀tì nǹkan bí 19,000. Èyí tó jẹ lé ní $142 mílíọ̀nù, èyí tó pàdánù tó $183 mílíọ̀nù. Ẹ fi ìyẹn han àbúrò yín lọ́jọ́ tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì òun jẹ. Ní oṣù kejì 2025, adájọ́ rán Mizuhara ní ẹ̀wọ̀n oṣù 57.

Mi ò fi yín wé olè o. Ẹni tí kò lè jalè gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè pé kí wọ́n máa yẹ òun wò, torí lọ́jọ́ tí owó bá tán, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń nàka sí. Ẹ máa kó rìsíìtì símẹ́ǹtì, irin àti owó bírìkìlà jọ, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sí olùṣirò owó tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í sì ṣe ẹni tí aṣojú rẹ̀ mú wá. Kí ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀. Kí ó sì máa san owó iṣẹ́ fún yín, kékeré ni ì báà jẹ́, kó wà lákọsílẹ̀. Ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá a kó owó jọ níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń bá èèyàn bójú tó owó ní Britain.

Báwo lẹ ṣe máa bá a sọ ọ́? Ìbínú ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ eré ló ń ṣe, ó sì lè jẹ́ àìsàn. Àwọn dókítà ti kà á mọ́ àìsàn tipẹ́, ọ̀kan náà pẹ̀lú ọtí. Ẹ wo bóyá ó ń parọ́ nípa rẹ̀, bóyá ó ń yá owó, bóyá ó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tó bá pàdánù. Pé ó wá fọwọ́ kan owó símẹ́ǹtì, èmi kì í ka ìyẹn sí eré mọ́. PFA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ní àwọn tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní bòńkẹ́lẹ́. Sporting Chance, ibi ìtọ́jú àwọn eléré ìdárayá, náà wà, tí Tony Adams ti Arsenal dá sílẹ̀ ní 2000 lẹ́yìn tí ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́.

Bó bá sì ti ta á lórí bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, kó rí agbẹjọ́rò, kó sì ṣáájú wọn sọ ọ́. Oṣù 11 ni ti Toney ìbá jẹ́ lẹ́yìn tó jẹ́wọ́; wọ́n yọ mẹ́ta nítorí pé dókítà ẹlẹ́kọ̀ọ́ ọpọlọ fìdí àìsàn tẹ́tẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Sandro Tonali ti Newcastle, tí Ítálì ti dá dúró fún oṣù mẹ́wàá ní 2023, fúnra rẹ̀ ló sọ fún FA pé òun tún ta á ní England. FA fún un ní oṣù méjì sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ láìjẹ́ kó sìn ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó kọ gbogbo gbèsè tẹ́tẹ́ sílẹ̀, iye rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó jẹ. Ẹ má san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ kí ìwé náà tó pé, torí gbèsè àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ fún ẹbí kì í sábà jẹ́ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ṣe pàtàkì ju iye lọ. Jontay Porter, tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún Toronto Raptors, wọ gbèsè tẹ́tẹ́, àwọn kan sì ní ó lè san án láìmú owó wá: kó kàn tètè jáde nínú eré, kí àwọn lè fi jẹ bẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kìíní 2024 ó ṣeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ní ojú ń dun òun. Ní oṣù kẹta kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní ara òun ò yá. Ní oṣù kẹrin NBA lé e títí ayé, ní oṣù keje ó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ka ìwé gbèsè náà tán, ẹ bi í bóyá ẹnì kan nínú àwọn tó kọ sílẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó gba káàdì yẹ́lò kan, tàbí kó sọ fún òun bóyá agbábọ́ọ̀lù kan máa wọ pápá. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó pe agbẹjọ́rò àti PFA lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó wọ bàtà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn. Owó wọn lè dúró.